Oorun Ń Kùn Mí, Yàrá Ò Tíì Ṣófo
Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni bàálù wa balẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè. Òtẹ́ẹ̀lì ní yàrá mi ò tíì ṣófo, ó di aago méjì ọ̀sán. Mo gbé báàgì tì wọ́n lọ́rùn, mo ya fọ́tò àdírẹ́sì wọn, mo bọ́ síta. Oorun ń kùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò sùn: ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tún aago ara ṣe, ìyẹn ohun tó ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó sùn àti ìgbà tó yẹ kó jí.

Nídìí ATM, ẹ̀rọ náà ní ṣé kí òun fi owó ilẹ̀ mi ṣírò. Rárá o! Owó tiwọn ni mo tẹ̀. Iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ tiwa sábà máa ń ga jù.

Lálẹ́, pulọ́ọ̀gì fóònù mi kò wọ ihò iná wọn. Adaptor tí mo rà wà nílé lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí mo kọ "má gbàgbé adaptor" sí.