Ọta há sínú ṣakabùlà, ẹ má fi iná kàn án

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ṣakabùlà bàbá ẹ̀ kọ́ èjìká wá bá mi nílé l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọta ló há sínú ìbọn yìí, kò wọlé mọ́, kò sì jáde, ṣé kí n tì í bọ iná díẹ̀ kí òjé yẹn yọ́ ni?” Háà! Àyà mi já. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo kọ ẹnu ẹ̀ sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé níbi tí kò séèyàn, mo wo ìdí ẹ̀, kápù, ìyẹn ìdérí kékeré tó ń tanná sí ẹ̀tù, ṣì wà lórí ẹ̀! Ó ti gbé e bẹ́ẹ̀ gun ọ̀kadà láti oko wọn lọ́nà Ìkòyí dé ọ̀dọ̀ mi. Mo yọ kápù yẹn kúrò kí n tó dá a lóhùn rárá.

Mi ò bú u, torí irú ẹ̀ ti ṣe èmi náà rí. Ìgbà òjò ni, òru, a jáde lọ dẹ òyà. Mo ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò nu inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo wá ń kì í lẹ́ẹ̀kẹrin nínú òkùnkùn, mo da ẹ̀tù sí i, mo fi àkísà wé ọta, mo tì í, ó dé ìdajì ọ̀nà ó dúró gbagidi. Mo fi gbogbo ara ti ọ̀pá ìkìbọn, kò lọ. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n kúkú yìn ín síta kó lọ. Àgbà ọdẹ tí a jọ wà lóko ló di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Má yìn ín o! Àlàfo wà láàrin ọta àti ẹ̀tù.”

Àlàfo yẹn lọ̀rọ̀ wà. Tí ọta bá jókòó lórí ẹ̀tù dáadáa, bí ẹ̀tù ṣe ń jó náà ló ń tì í lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jìnnà sí i, ó ti dà bí ìdérí tí wọ́n fi dí páìpù nìyẹn, agbára ẹ̀tù á sáré wá kọ lù ú, ibi tó kọ lù ú yẹn ni páìpù á ti wú bí òrùka tàbí kó fàya, ọwọ́ òsì tí a fi di páìpù mú ló sì sún mọ́ ibẹ̀ jù. Mo mọ ọdẹ kan tí ìka méjì ò sí lọ́wọ́ òsì ẹ̀ mọ́.

Kí ló ń jẹ́ kó há gan-an? Èérí ni. Èédú, imí ọjọ́ àti saltpetre (iyọ̀ kan tó ń mú kí iná jó dáadáa) ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù dúdú, tó bá sì jó tán, bí ìdajì ẹ̀ ni kì í di afẹ́fẹ́, ó ń di èérí, òmíràn á bá èéfín jáde, òmíràn á lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Èérí yẹn tún máa ń fa omi mọ́ra.

Ó dáa, báwo la ṣe ń yọ ọ́? Ẹ kọ́kọ́ yọ kápù. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fà á, kápù dún, ìbọn ò dún, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ ẹnu ẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì ó kéré tán, torí iná lè máa rá lábẹ́lẹ̀ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹ̀tù. Pa á ni mo wí, ẹ fi omi pa á. Èmi máa ń fi súpánà tú irin kékeré tí a ń gbé kápù lé, màá wá fi abẹ́rẹ́ ìfami tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, tí mo ti yọ ojú ẹ̀ dànù, fún omi gba ihò yẹn wọlé, màá tún da omi gba ẹnu ìbọn, màá sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí a ṣe ṣe ti ọmọ yìí nìyẹn. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ihò ìdí ẹ̀, tó, tó, tó, ó dúdú bí aró, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo tún fún omi mìíràn sí i, mo tún fún un, títí omi tó ń jáde fi mọ́ díẹ̀. Ẹ má sì torí pé ó tutù kẹ́ ẹ sọ pé ó ti kú pátápátá o, ẹ̀tù tó tutù tún lè gbẹ kó sì jó, nítorí náà ìbọn tó ní ọta nínú ni títí ọta á fi jáde tí a á sì fọ gbogbo ẹ̀tù dànù.

Lọ́jọ́ kejì a gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀dẹ. Wọ́n fi fáìsì di páìpù mú, wọ́n ní skúrù kan tí wọ́n jó mọ́ orí ọ̀pá irin, wọ́n tì í wọlé, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó dúró níwájú ẹnu ìbọn, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ kó lè jẹ òjé. Òjé rọ̀, ó gbà. Wọ́n wá fà á. Ó kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n da òróró díẹ̀ sí i, wọ́n tún fà á, ó jáde pẹ̀lú àkísà ẹ̀ tó ti dúdú kirikiri, ihò skúrù wà láàrin ọta náà gbọnrangandan. Tó bá jẹ́ ọta wẹẹrẹ ni wọ́n kì sí i, wáyà lílọ́ la fi ń fa àkísà orí ẹ̀ jáde, àwọn ọta á wá dà síta fúnra wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tó wù mí gan-an. Mẹkáníìkì tó bá ní irin tó bá ojú ihò yẹn mu lè fi ohun tí wọ́n fi ń fún gírísì sí mọ́tò fún gírísì gba ìdí wọlé, gírísì á máa ti ọta jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dọ̀tí o, fífọ̀ ẹ̀ á gbà yín lákòókò. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ìbọn àkìlẹ́nu tó ní ìlà nínú páìpù dẹ ìgbẹ́ ní gáàsì CO2 kékeré tí wọ́n ń gbé lé ihò ìdí, á fẹ́ ọta síta. Tí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀tù tí wọ́n ti ọta nìkan wọlé, wọ́n máa ń da ẹ̀tù bíńtín gba ihò yẹn, wọ́n á ti ọta padà kó jókòó lé e gan-an, wọ́n á wá yìn ín sí ibi tí kò léwu. Tí ọta bá há sí àárín ọ̀nà tí kò ṣe é tì, ẹ má dán èyí wò.

Iná kọ́ o. Kì í ṣe dírìlì oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń dá irin lu náà. Ẹ má fi òòlù gbá ọ̀pá ìkìbọn kẹ́ ẹ wá bẹ orí sí i, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹnu ìbọn láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń kọjá, mo ti rí àgbàlagbà tó ń ṣe é, ó ń bà mí nínú jẹ́. Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ọdẹ ni, ìran ọdẹ la jẹ́, kò yẹ ká máa pa ara wa báyìí. Ẹni tí kò tíì gba láísẹ́nsì náà, kó lọ gbà á, òfin ìbọn ọdún 1959 kan ṣakabùlà náà.

Nígbà tí a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ páìpù tán, tó gbẹ, tí a fi òróró pa inú ẹ̀, bàbá ọmọ náà fúnra wọn ti dé. Mo ti ọ̀pá ìkìbọn wọ inú páìpù tó ṣófo, mo fi ọ̀bẹ ha àmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, àmì ìbọn tó ṣófo nìyẹn. Mo ní nígbà tí wọ́n bá kì í dáadáa lóko, kí wọ́n ha ìkejì, tí ọ̀pá ò bá ti wọlé dé àmì kejì yẹn, ọta ò tíì jókòó nìyẹn, kí wọ́n má yìn ín. Bàbá wo àmì náà pẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n ní ìbọn mìíràn ṣì wà nílé, ṣé kí ọmọ lọ gbé ọ̀pá tiẹ̀ náà wá.