Ojú irin fún ayùn

Ọjọ́rú. Òjò ní kùtùkùtù. Iná lọ láago mẹ́wàá, ó dé lẹ́yìn ìrun Ailà. Gúlùù àná lára ojú irin mi ti gbẹ: igi tí ayùn oníná alábẹ rìbìtì máa ń gùn kó lè gé tààrà.

"Ẹni tó bá ń wá ojú irin fún ayùn, ọwọ́ rẹ̀ ni ò dá a lójú." Ẹnu bàbá káfíńtà kan ni mo ti gbọ́ ọ lánàá ní Sawmill. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí, ọmọ iṣẹ́ wọn ni. Síbẹ̀ èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé pẹ̀lú pílíwúùdù.

Ọwọ́ ò dáni lójú. Ó dáa. Ọkọ̀ ojú irin tó bá gba Ọ̀fà wá sí Ìlọrin, ta ló ti bi awakọ̀ rẹ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú?

Igi méjì péré ni gbogbo ojú irin náà. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ pílíwúùdù mílímítà 6, íńṣì 13 ní ìbú. Ti òkè jẹ́ ìdajì íńṣì, íńṣì 4 ní ìbú, òun ni ayùn máa fara tì. Íńṣì 3 wà lẹ́yìn rẹ̀ fún kíláǹpù, irin tó ń di igi mọ́lẹ̀, íńṣì 6 wà níwájú tí ayùn á gùn. Ẹni tó bá fi ti ẹ̀yìn ṣahun, mọ́tò ayùn á lọ kọ lu orí kíláǹpù láàárín iṣẹ́.

Etí igi òkè tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gé ni kí ẹ kọ sí ayùn, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan là ní ṣọ́ọ̀bù. Kódà ẹ má gbà á gbọ́ lásán. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà lẹ́bàá rẹ̀, ẹ yí igi náà dà sí òdì kejì ìlà, ẹ tún fà á. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti yà, ìdajì àlàfo yẹn ni igi fi wọ́.

Láti ìsàlẹ̀ ni síkúrúù ti ń wọlé, ọ̀kan ní íńṣì 6 síra, kí orí rẹ̀ rì kó má baà ha pákó oníbàárà. Mílímítà 16 ló yẹ, torí 6 àti 12 jẹ́ 18. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn igi òkè, ìdajì íńṣì ọjà kì í sábà pé. Gúlùù tó bá sun jáde ní kọ̀rọ̀, ẹ nù ún ní tútù. Tó bá gbẹ síbẹ̀, ayùn á gùn ún, ìlà á sì yẹ̀.

Gígé àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ òní. Ẹ tẹ́ pákó àlòkù sábẹ́, ẹ jẹ́ kí abẹ yọ ní mílímítà 3 nísàlẹ̀, ẹ ti ayùn mọ́ igi òkè, kí ẹ gé igi ìsàlẹ̀ já láìdúró. Etí tó ṣẹ́kù ni ọ̀nà abẹ gan-an. Àti ìsinsìnyí lọ, ẹ ò wọn àlàfo kankan mọ́: ẹ gbé etí yẹn lé àmì pẹ́ńsùlù, lórí apá tí ẹ fẹ́ lò, ẹ fi kíláǹpù dè é. Abẹ yẹn nìkan ló bá a mu o. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí eyín rẹ̀ tín-ín-rín jù, àlàfo á wà. Tó bá nípọn jù, á tún jẹ etí náà. Mo ti kọ orúkọ abẹ sẹ́yìn ojú irin náà.

Ṣé ọwọ́ ò wá dáni lójú ni? Ayùn ọwọ́ ṣeé tọ́ sọ́nà lójú ọ̀nà. Abẹ rìbìtì ò gbọ́ irú ẹ̀. Tó bá ti yà díẹ̀ nínú igi, ẹ̀yìn abẹ á há, igi á jóná, tàbí kí ayùn ta padà sí ẹni tó dì í mú. Ìyẹn ò kan ọwọ́ tó mọṣẹ́ tàbí tí ò mọṣẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lánàá.

Àbí kò yẹ. Ọkọ̀ Ọ̀fà ní irin lápá méjèèjì. Tiwa, apá kan ni. Ayùn lè kúrò lára igi nígbà tó bá wù ú, ọwọ́ náà ló ṣì ń tì í mọ́ ọn. Nígbà náà, bàbá yẹn...

Fún pákó mílímítà 18, bí abẹ á ṣe jìn tó nìyí: 18 ti pákó, 6 ti igi ìsàlẹ̀, àti 5 kí abẹ lè yọ, 29. Kí ojú tó dáa wà lókè lábẹ́ ojú irin, etí rẹ̀ á tẹ fọ́nrán igi mọ́lẹ̀, kò ní ṣá. Apá tó ń bọ́ sílẹ̀ á ṣá, ẹ jẹ́ ó ṣá. Tí iná ò bá lágbára, ẹ má tì í, ẹ dúró.

Mo fi àbẹ́là pa ibi tí ayùn ń gùn. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja sábẹ́ bẹ́ǹṣì, torí bí mo bá fi ti ògiri nínú ọ̀rinrin yìí, yóò tẹ̀ bí ọrun kó tó di Jímọ̀.

Ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ fi í gé ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀la, bí iná bá dé.