Bí Mo Ṣe Di Ẹni Tí Ń Lé Orin Nínú Ẹgbẹ́ Heavy Metal

Heavy metal, orin gìtá tó wúwo tó sì ń pariwo, ni ẹgbẹ́ wa ń kọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹni tí ń lé orin fún wa sọ fún wa pé òun ti ríṣẹ́ sí Àbújá, a dákẹ́ pẹ́ nínú yàrá tí a ti ń dánra wò ní Tanke, ní Ìlọrin. Onígìtá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ lo máa lé orin báyìí." Ọdún méjì ni mo ti fi ń gbè lẹ́yìn ọ̀rẹ́ wa náà, n kò sì rò ó rí pé èmi ni yóò dúró níwájú.

Àṣìṣe mi ni pé mo fẹ́ di ẹni tó lọ. Ohùn tirẹ̀ máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń pọ́n àdá lórí òkúta, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀fun fa tèmi bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ohùn mi ti há tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹ́ màmá mi lóhùn nígbà tí wọ́n bá pè mí láti inú yàrá, dókítà sì ní kí n má sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Orin ni mo fi ọjọ́ mẹ́wàá náà gbọ́, pàápàá ti Black Sabbath, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1968. Tony Iommi, onígìtá wọn, pàdánù orí ìka rẹ̀ méjì sẹ́nu ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, nígbà tó sì yá ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìró wọn wúwo. Ní 1979, Ozzy Osbourne, ẹni tí ń lé orin fún wọn, kúrò, Ronnie James Dio sì rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó ti gba ipò ẹlòmíràn nínú orin yìí, Dio ni mo fẹ́ràn jù. Ozzy a máa bá ìró gìtá rìn pọ̀, ṣùgbọ́n Dio a máa gba ọ̀nà tirẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, kò sì sí ìgbà tó ṣe bí Ozzy. Fèrè onídẹ tó fọn ní kékeré ló sì ní ó kọ́ òun bí a ṣe ń lo èémí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àbúrò màmá mi, olórin dadakúàdà (orin ìbílẹ̀ Ìlọrin) tí mo bá ṣe ẹlẹ́gbè níbi ìyàwó ní Pàkátà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo lọ bá wọn. Wọn kò fẹ́ràn orin wa, wọ́n sì sọ ọ́ kí n gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ní kí n mí títí ọwọ́ náà yóò fi sún. "Bí o bá fi ọ̀fun pariwo, orin kan ni wàá kọ. Bí o bá fi ikùn gbé e, ilẹ̀ á mọ́ bá ọ."

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ irú orin yìí ló rò pé kí a fi agbára fọ́ ọ̀fun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹran tó wà lókè tán-án-ná (okùn ohùn) nínú gògóńgò ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń ha, èémí láti ìsàlẹ̀ ló ń gbé e ró, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló sì ń sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tí mo padà sí Tanke, mo fi ohùn dadakúàdà bẹ̀rẹ̀, "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀," mo fà á gùn kọjá lórí gìtá, kí n tó jẹ́ kí ó ha. Ẹ̀gbọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní kí n tún un ṣe, wọ́n sì dẹ okùn gìtá wọn sí i.

Ní oṣù tó kọjá a ṣeré nínú gbọ̀ngàn kékeré kan. Àbúrò màmá mi wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bí mo ti dé ibi tí mo ti fẹ́ fa ohùn náà, mo rí i tí wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn.