Ohun tí Camp Nelson kọ́ mi nígbà tí mò ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pírọ́jẹ́ẹ̀tì ìtàn, ẹ wá gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó gbé bíírò. Èmi kọ ọ́ gàdàgbà pé ìkéde tí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn, ṣe ní 1863 ló dá gbogbo ẹrú Amẹ́ríkà sílẹ̀, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò sì fi bíírò pupa fagi lé e, ó ní kí n lọ ka ti ìpínlẹ̀ Kentucky.

Àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jà nìkan ni ìkéde yẹn kàn, Kentucky ò sì bá ìjọba jà, nítorí náà kò kàn wọ́n, ẹrú ṣì ń sìnrú níbẹ̀. Iṣẹ́ sójà ló wá lànà fáwọn ọkùnrin ní 1864, tó o bá ti forúkọ sílẹ̀ báyìí o ti dòmìnira, bí wọ́n ṣe ń ya wọ Camp Nelson, kámpù sójà ìjọba àpapọ̀ ní Kentucky, nìyẹn, wọ́n tó 10,000. Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Òfin ò dárúkọ wọn rárá! Wọ́n ṣáà tẹ̀lé ọkọ wọn wá, wọ́n ń gbé inú ahéré, àwọn kan ń fọṣọ fún sójà. Ní oṣù kọkànlá 1864, Jẹ́nẹ́rà Speed Fry, ọ̀gá kámpù náà, ní kí wọ́n lé wọn síta, bí 400 obìnrin àtọmọdé nínú òtútù yẹn, wọ́n sì wó ahéré wọn. 102 ló kú.

Mo ti ka nọ́ńbà yẹn kọjá tẹ́lẹ̀ o. Ìwé ìbúra Joseph Miller ló dá mi dúró. Sójà ni, kò mọ̀wé kọ, ẹnu ló fi sọ ọ́ tí wọ́n bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ara ọmọ òun, ọlọ́dún méje, ò yá, òun sọ fún gáàdì pé òtútù á pa á, gáàdì ní tí wọn ò bá gun wágọ́ọ̀nù òun á yìnbọn pa gbogbo wọn. Nígbà tílẹ̀ ṣú, Miller fẹsẹ̀ rìn lọ sí Nicholasville, ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, ó bá ọmọ nílẹ̀, ó ti kú. Ó padà sí kámpù lóru ọjọ́ náà torí sójà ni, ilẹ̀ mọ́ ó tún rìn padà, òun fúnra ẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń ka òfin, ẹ wá ẹni tí òfin náà ò dárúkọ, kẹ́ ẹ sì wá ohun tí ẹni náà sọ, ó lè jẹ́ pé ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Ibẹ̀ ni mo ti tún chapter mi bẹ̀rẹ̀.

Ariwo ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn dé Washington, olú-ìlú wọn, nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1865 òfin jáde pé ìyàwó àtọmọ sójà ti dòmìnira. Miller ti kú láti oṣù kìn-ín-ní, ìyàwó ẹ̀ àti gbogbo ọmọ ẹ̀ náà ti kú.