Òṣómàáló tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi

Télọ̀ ni mí ní Iléṣà, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni tramadol, oògùn apàrora kan, fi di bárakú fún mi. Láti ìgbà tí mo ti bọ́, àwọn ènìyàn máa ń pè mí sí kọ̀rọ̀: ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lò ó, awakọ̀ tó fẹ́ jáwọ́, ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíì. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Ọ̀gá, kí lẹ lò?" Wọ́n rò pé àgúnmu kan wà tí mo mọ̀. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé ni mo lò, àti bírò, àti ìjókòó méjìlá pẹ̀lú obìnrin kan ní Ilé-Ifẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ tán níbí, torí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo máa ń rí sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù Kejìlá ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Iléṣà mọ̀ pé tí ọdún Ìwúde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí Kérésìmesì náà tún ń bọ̀, aṣọ ẹbí á kún ṣọ́ọ̀bù télọ̀ débi pé kò ní rí ibi gbẹ́sẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní hóró kan, ó ní mi ò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí dákẹ́, ojú mi là kedere, mo rán aṣọ títí di ìdájí. Láti orí míligíráàmù 50 ni mo ti dé 100, mo sì ti ibẹ̀ bọ́ sí 225 tí dókítà kankan kì í kọ fúnni. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti iṣẹ́. Mo ń lò ó kí n lè dìde nílẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mi ò bá lò ó, imú mi á máa ṣàn, màá máa yán léraléra, inú á máa lọ́ mi, egungun á máa ro mí bí ẹni tí wọ́n lù mọ́jú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ ni gìrì mú mi. Tramadol tó bá pọ̀ lára lè fa gìrì. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà, ọmọ iṣẹ́ mi ń sunkún, áyọ́ọ̀nù sì ti jó àyà léèsì náà. Ihò ọ̀hún rí gẹ́lẹ́ bí ìdí áyọ́ọ̀nù, ṣóńṣó lókè, fífẹ̀ nísàlẹ̀, etí rẹ̀ dúdú, ó le bí ike tó yọ́ tó tún gbẹ. Mo san owó aṣọ náà. Mo gé ibi tó jó, mo tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.

Màmá mi mú mi lọ sí ilé àdúrà kan, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló ń bá mi jà, wọ́n sì ń dè mí lẹ́sẹ̀ lóru kí n má baà sá. Mi ò kórìíra àdúrà, mo ṣì ń gbà á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ń lò ó, kí ló sì máa ń wà lọ́kàn mi nígbà náà. Ọjọ́ kẹta tí mo délé, mo ti padà sídìí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá mú mi wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ara mi ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Dókítà ṣètò bí oògùn náà ṣe máa kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀, ó sì fún mi ní èyí tó mú ìrora náà rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìnira tí ara máa ń ní nígbà tí oògùn bá ń jáde. Ẹni tó ti ń mu ọtí lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́, tó wá jáwọ́ lójijì nínú ilé láìsí dókítà, gìrì lè mú un, ó sì lè kú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n lọ rí obìnrin tí mo ń wí. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, èmi ń pè é ní Dókítà. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìwàásù. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn, níbo lẹ jókòó sí?"

Mo ní ìdí máṣíìnì mi ni.

"Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù?"

Mo ronú. Oníbàárà kan ni, ó ní òun máa kó aṣọ òun lọ fún télọ̀ mìíràn.

"Bó ṣe jáde, kí lẹ sọ fún ara yín?"

Mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo ní, "Mo sọ pé mi ò wúlò."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bú mi, kò sì ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

CBT (Cognitive Behavioural Therapy) ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú yìí. Ìrònú ènìyàn àti ìṣe rẹ̀ ni wọ́n jọ ń tọ́jú pọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé Aaron Beck, dókítà ọpọlọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín ọdún 1960 sí 1969 fún àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ti gbé dè. Beck ṣàkíyèsí pé kí ìbànújẹ́ tó bo ènìyàn, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan á ti sáré gba ọkàn rẹ̀ kọjá, ẹni náà kò sì ní dá a dúró wò, á kàn gbà á gbọ́ ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń lò ó fún bárakú náà. Ní tèmi, "mi ò wúlò" ni ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá, oògùn ló sì máa ń tẹ̀ lé e.

Ó ní kí n ra ìwé. Nígbàkígbà tí oògùn bá wá sí mi lọ́kàn, yálà mo lò ó tàbí mi ò lò ó, kí n kọ ibi tí mo wà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ tó gba ọkàn mi kọjá, ohun tí ara mi ń ṣe, àti ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, mo lè búra pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló gbé oògùn fún mi. Ìwé náà já mi nírọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a jọ ka ìgbà 23 nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin péré ni iṣẹ́ pọ̀. Nínú àwọn tó kù, ẹnì kan ti pariwo lé mi lórí, tàbí ẹnì kan ń bọ̀ wá gba owó, tàbí mo dá jókòó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo mọ̀ pé aṣọ Sátidé kò ní parí, mo sì ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ sí mi. Ìtìjú ni mo ń fi oògùn pa, mo wá sọ ọ́ ní iṣẹ́. Kò sí nǹkan tí mo kọ́ níbẹ̀ tó tó èyí.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kan tí mo dì mú, pé mi ò lè rán aṣọ láìlò ó. Dókítà kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́ wò, bí ẹ ṣe ń wọn aṣọ." Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ oníbàárà lọ. A wo ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí mo ń lò ó: aṣọ márùn-ún lójúmọ́, ṣùgbọ́n nínú márùn-ún, bíi méjì ni wọ́n ń dá padà, ọrùn ò dúró, apá kan gùn ju èkejì. Mo wá fi ọ̀sẹ̀ kan rán aṣọ láìlo nǹkan kan. Mẹ́rin lójúmọ́ ni. Ẹyọ kan ṣoṣo ló padà wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ká ní ẹnu ló fi sọ ọ́ fún mi ni, mi ò bá má gbà.

Ọ̀rọ̀ òòfà ọkàn, ìyẹn bí ọkàn ṣe máa ń fà sí oògùn, ló le jù. Ó bi mí pé kí ni mo lè fi wé. Mo ní òṣómàáló ni. Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ̀: àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ àwìn láti ìlú dé ìlú, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó á fi dọ́wọ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òòfà náà ṣe máa ń jókòó tì mí. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jẹ ẹ́?"

Mi ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Mo kàn ń sanwó fún un nígbàkígbà tó bá ti lóṣòó ni, ìdí nìyẹn tó fi ń padà wá. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí n má lé e, kí n má bá a jà, kí n kàn wo aago, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá rí lára mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún nírọ̀lẹ́ ló dé. Àyà mi gbóná. Itọ́ kún ẹnu mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi tutù, mo gbé e lé tábìlì kí n lè máa rí i. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, mo rò pé màá pariwo. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní èjìká mi. Ìgbà tó pé ìṣẹ́jú 26, mo wòye pé mo ti ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Òṣómàáló gidi kì í dìde láìgbowó, ṣùgbọ́n èyí dìde. Nígbà tó di oṣù kejì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń lò, nígbà mìíràn mẹ́jọ. Dókítà ní onímọ̀ kan tó ń jẹ́ G. Alan Marlatt, ní ìlú Seattle, fi òòfà yìí wé ìgbì òkun tó ń ga tó tún ń wálẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí etí òkun lè lo tìyẹn.

Nǹkan mìíràn tó là mí lójú ni àwọn ìpinnu kéékèèké. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìwé mi fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ ra òwú dúdú ní ìsàlẹ̀ ọjà. Òwú dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó bi mí pé kí ló wà lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀ ọjà náà. Kẹ́míìsì tí mo ti máa ń ra oògùn ni. Mi ò parọ́ fún un, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń lọ ra òwú.

A tún fi ẹnu dánra wò nípa bí mo ṣe máa kọ̀ fún ọ̀rẹ́, àti fún àgbàlagbà tí ènìyàn kì í kọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe bí ọ̀rẹ́ mi, ó na ọwọ́ sí mi, mo ń kólòlò. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ti lè sọ pé, "Ẹ ṣeun sà, dókítà ti ní kí n má fẹnu kàn án," láìṣàlàyé kankan.

Mo ṣì yọ̀ ṣubú. Ní oṣù karùn-ún ìtọ́jú náà, níbi ìsìnkú àbúrò bàbá mi, mo lo ẹyọ kan. Kó tó dé ikùn mi tán ni ọ̀rọ̀ ti sáré wọlé: "Ó parí, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, lò ó kó kún." Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kú. Tí ènìyàn bá ti kúrò nídìí rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Ẹni tó bá sọ pé "ó ti bàjẹ́ ná", tó wá padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, lè sùn kó má jí. Mo fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó wá jókòó tì mí di àárọ̀. Nígbà tí mo padà sí Ifẹ̀, mi ò lè gbójú sókè. Dókítà ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn." A wò ó. Mi ò sùn fún òru mẹ́ta, mi ò jẹun láàárọ̀, mo sì ti fi ìwé sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Mo rí àwọn tí a jọ ń lọ, tí wọ́n kàn ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀, tí wọn kì í kọ nǹkan kan nílé. Inú mi bàjẹ́ sí i, torí ilé ni iṣẹ́ náà wà. Wákàtí kan péré ni ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní Ifẹ̀; gbogbo wákàtí tó kù, Iléṣà ni mo wà, ìdí máṣíìnì, pẹ̀lú àwọn oníbàárà mi.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má fi ẹni yín pamọ́. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, bá ìjọba Nàìjíríà ṣe fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn sì lo irú tramadol àti codeine láìsí àṣẹ dókítà. Ilé yín nìkan kọ́. Ẹ yé tú àpò rẹ̀ wò lóru, ẹ bi í ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí: níbo lo wà, ta ló wà níbẹ̀, kí lo sọ fún ara rẹ? Kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn náà títí dé òpin kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ lọ, ẹ má dá lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kò le tó ìrìn àjò padà sílé. Ìjókòó yẹn máa ń tú ọ̀pọ̀ nǹkan jáde nínú ènìyàn, gbogbo rẹ̀ á sì máa rú lọ́kàn rẹ láti Ifẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dé Iléṣà, níbi tí àwọn tó ń tà á ti mọ ojú rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jókòó tì mí nínú ọkọ̀ náà ní gbogbo ìgbà méjìlá. Kì í sọ̀rọ̀. Á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ní gáréèjì, á fi sí mi lọ́wọ́, a ó sì máa jẹ ẹ́ títí a ó fi délé.