Kránkì MGB mi ti yí!

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kránkì ni irin inú ẹ́ńjìnnì tí àwọn písítìn máa ń yí.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ MGB ọdún 1972 ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì 1798 cc. Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kàn pa á tì sábẹ́ tapólì ni. Nígbà tí mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì, síláńdà kẹta ti dípẹtà, písítìn rẹ̀ lẹ̀ pinpin. Mo da ọ́ílì sí i mọ́jú, mo wá ń fi igi gbá a láti ìsàlẹ̀. Igi ni o, torí irin á ba písítìn jẹ́. Pò, ó já! Wọ́n ti bá mi gbẹ́ ojú síláńdà fẹ̀ díẹ̀.

Kránkì gan-an ló wú mi lórí. Bíárìn márùn-ún ló gbé e ró (mẹ́ta péré ni ti àwọn MGB àkọ́kọ́), ojú rẹ̀ ń dán, èékánná mi kò kọ́ ìlà kankan. Mo fi bíárìn tuntun sí i, mo ta ọ́ílì sí i, mo dè é pa. Lálẹ́ yìí, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí i, ó ń lọ wẹ́rẹ́! Mo pariwo pe ìyàwó mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Kàbúrétọ̀ SU méjèèjì, àwọn tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló kàn. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń tún un ṣe dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ.