Aago Mélòó Ni Wáyà Já?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwa mélòó kan tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu àti Lomé, ti kó ara wa jọ láti tú ọ̀rọ̀ náà wò. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò sanwó. Èmi ni wọ́n ní kí n darí rẹ̀, bóyá nítorí pé ilé tèmi nìkan ni iná wà.

Mo ti rò pé ẹ̀rí ni yóò wọ́n wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pọ̀ ju agbára wa lọ. Kálukú ti ṣe traceroute tirẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí ń to àwọn ibùdó tí ìsọfúnni ń gbà kọjá ní ìlà-ìlà, a sì ní àbájáde RIPE Atlas, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ kékeré tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni gbà sílé kárí ayé, tí ń wo ìrìn íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru. Ohun tí a kò ní ni ètò. Ẹnì kan tilẹ̀ ti kéde pé Lomé ló kọ́kọ́ ṣubú, pé ó fi wákàtí kan gbáko ṣáájú Kútọnu, ó sì ti ń kọ àlàyé gígùn lórí ìdí rẹ̀. Mo bi í pé aago ibo ló ń kà. Nígbà tí aago mẹ́jọ bá lù ní Lomé, mẹ́sàn-án ti lù ní Kútọnu àti Èkó. Bí àlàyé gígùn náà ṣe parí nìyẹn, láti ọjọ́ náà ni a kì í sì í gba àkọsílẹ̀ tí kò bá lo UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n.

Òfin wa kejì ni pé ohun tí a rí àti ohun tí a rò kò gbọdọ̀ wà nínú gbólóhùn kan náà. Àwọn kan ní ìjọba ló ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. N kò bá wọn wí, nítorí ta ni yóò gbàgbé bí wọ́n ṣe ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022? Àmọ́ traceroute tí mo ṣe sí London rìn dáadáa títí dé ìlà karùn-ún, lẹ́yìn náà ó di ìràwọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, àmì pé kò sí ìdáhùn, nígbà tí àwọn ojúlé tí ẹ̀rọ wọn wà ní Èkó ṣì ń ṣí wàrà. Ọ̀nà òkèèrè ló bàjẹ́. Traceroute kò sì lè fi ibi tí wáyà ti já lábẹ́ omi hàn.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn ló gba àkókò wa jù. Àfonífojì jíjìn kan wà nínú òkun Abidjan tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, ihò tí kò nísàlẹ̀, àwọn kan sì fura pé ilẹ̀ ló yẹ̀ níbẹ̀. Wáyà mẹ́rin, olówó mẹ́rin, ọ̀nà kan ṣoṣo. Equiano, wáyà mìíràn tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní ọdún 2022 láìyà sí Abidjan, kò fara gbá.

Lẹ́yìn tí a gbé ìjábọ̀ náà jáde, ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ tí n kò ní dárúkọ tọ́ka sí ìlà kan tí a ṣì kọ. A fa igi lé e, a kọ àtúnṣe sísàlẹ̀, a sì jẹ́ kí àṣìṣe náà ṣeé kà.